Àwòrán Ọmọ Tí A Kò Gbúròó

Ọkọ ló kọ́kọ́ wá. Ìyàwó kò mọ̀.

Ọ̀sán ni, oòrùn sì mú lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́bàá títì Upper Sakponba ti fi iná wọn sílẹ̀, wọ́n wá sá sí abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń gé àmì ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ Ugbowo tó fẹ́ jáde ní yunifásítì nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan kí mi ní Yorùbá. Ní àdúgbò tiwa, tí ènìyàn bá kí ọ ní Yorùbá, wàá gbójú sókè kíákíá ni. Bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ìsìn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níwájú díẹ̀ sí mi. Ará Ọ̀wọ̀ ni àwọn àti ìyàwó wọn, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí. Èmi, ọmọ Òṣogbo ni mí. Ìwé ló gbé mi wá sí Ugbowo, iṣẹ́ ló dá mi dúró.

Iṣẹ́ ọ̀hún ni ti ẹ̀rọ lésà. Iná tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ojú kì í rí, bí mo bá ṣe pàṣẹ fún un láti orí kọ̀ǹpútà ló ṣe ń jó nǹkan. Mo ń fi í kọ orúkọ sára pákó, mo ń fi í ya àmì sára awọ, ṣùgbọ́n akirílíìkì ni mo ń fi í ṣe jù lọ, ike tó mọ́ gaara bíi dígí yẹn.

Bàbá náà jókòó, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n na fóònù wọn sí mi.

“Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí lè gbé ojú ènìyàn sórí dígí?”

“Ó lè gbé e, sà. Akirílíìkì ni, kì í ṣe dígí. Kì í tètè fọ́.”

“Ìyẹn náà dára.”

Àkọ́bí wọn ló wà nínú àwòrán náà. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń tẹ dùùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó rìnrìn àjò. Ní ìlú tí à ń gbé yìí, tí wọ́n bá ní ọ̀dọ́ kan ti rìnrìn àjò, a kì í béèrè ibi tó gbà lọ. A mọ̀ pé aginjù ni, a mọ̀ pé Líbíà ni, a sì mọ̀ pé òkun ló kù níwájú. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé, “Ṣé ẹ ti gbúròó rẹ̀?”

Mo fẹ́ béèrè. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ní, “Bá mi kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀: Sùn un re o, ọmọ wa.”

Ọwọ́ mi dúró lórí tábìlì. “Dádì, ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkan ni?”

Wọn kò wò mí. Ojú títì ni wọ́n ń wò. “Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ kúrò nílé ló pè mí. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí ọmọ náà wọ̀ dojú dé. Ó ní kí n má retí mọ́.”

“Mọ́mì ńkọ́?”

“Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nínú ilé. Àbúrò ọmọ náà obìnrin bú sẹ́kún nígbà kan, ìyá wọn ní kó jáde síta, ó ní ta ni ó ń sunkún fún? Ó ṣì ń bu oúnjẹ ọmọ náà sílẹ̀, ọmọ mi. Á bù ú sínú kúlà, á dé e. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni mo máa ń dà á nù. A ò lè ṣọ̀fọ̀, a ò sì lè rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé tí ó bá rí ojú ọmọ náà, tí ó rí ọ̀rọ̀ yẹn lábẹ́ rẹ̀, bóyá ẹkún náà á lè jáde. Bóyá tèmi náà á jáde.”

Mo gba iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi kò lè sọ pé òun kì í ṣe ti òkú. Ní Benin, ìrántí àwọn tó ti lọ wà lára ohun tí à ń jẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Bàbá lọ tán, mo jókòó, mo ń wo ojú ọmọkùnrin náà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, a ti sin wọ́n. Èyí, ta ló sin ín?

Ojú ènìyàn lórí akirílíìkì kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń fi ìkánjú ṣe. Lórí ìwé, tàdáwà ló ń mú dúdú wá. Lórí akirílíìkì, funfun ni iná ń mú wá: ibi tí iná bá kàn, á funfun bí èémí ẹni lójú dígí; ibi tí iná kò bá kàn, á mọ́ gaara bó ṣe wà. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán ni à ń jó, òkùnkùn ibẹ̀ ni à ń fi sílẹ̀. Tí o bá gbàgbé láti yí dúdú àwòrán náà sí funfun, funfun rẹ̀ sí dúdú, lórí kọ̀ǹpútà, ènìyàn dúdú á jáde bí iwin, ojú rẹ̀ á funfun, eyín rẹ̀ á dúdú. Tí agbára iná bá pọ̀ jù, ike á yọ́, àwọn àmì tóótòòtó tó yẹ kó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, ojú náà á dàbí ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná jà. Tó bá kéré jù, o kò ní rí nǹkan kan àfi tí o bá yí i sí oòrùn. Eré tí ẹ̀rọ ń sá náà wà níbẹ̀. Tó bá rọra lọ jù, iná á pẹ́ lójú kan, á sì jó o jù. Kò sí ìwọ̀n kan tó ń bá gbogbo ojú mu. Ojú kọ̀ọ̀kan ni wàá wá tirẹ̀ fún.

Àwòrán tí Bàbá fi ránṣẹ́ ti gba orí fóònù oríṣiríṣi kọjá, ó ti ṣú, ó ti fọ́. Mo ṣe é lórí àgékù akirílíìkì kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ihò méjì ni mo rí níbi tó yẹ kí ẹyinjú wà. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, n kò sì tún gbé e wò mọ́.

Mo pe Bàbá, mo ní kí wọ́n wá èyí tó mọ́ ju báyìí lọ.

“Orí fóònù ìyá rẹ̀ ni ògidì rẹ̀ wà,” ni wọ́n wí. “Màá wá ọgbọ́n dá sí i.”

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé nígbà tí ìyàwó wọn ń wẹ̀, wọ́n mú fóònù rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Àwòrán dáadáa ni. Ọmọkùnrin náà dúró níwájú ilé wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú kó dúró fún fọ́tò. Mo gé ojú ọ̀tún rẹ̀ nìkan jáde lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú irun tó wà lókè rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o sórí àgékù akirílíìkì kan láti mọ ìwọ̀n iná tí yóò bá a mu. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo dín iná kù, mo tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àkọ́kọ́, mo fi kún eré ẹ̀rọ, mo tún un ṣe. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, àgékù náà ti kún fún ojú kan ṣoṣo náà. Òmíràn jó jù, òmíràn kò hàn, gbogbo wọn ń wò mí.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Ìyá wọlé.

Láti Ọjà Ekiosa ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọ ìkókó. Épírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tajà ṣì wà nídìí wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n na fóònù wọn sí iwájú mi.

“Nọ́ńbà rẹ nìyí, àbí òun kọ́? Ta ló fi àwòrán ọmọ mi ránṣẹ́ sí ọ láti orí fóònù mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó. Mo bi ọ́ ní nǹkan.”

“Dádì ni, mà.”

Ojú wọn ti kúrò lára mi. Wọ́n ti rí àgékù tó wà lórí tábìlì. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Ọmọkùnrin náà ní àpá kékeré kan tó la irun òkè ojú rẹ̀ sí méjì, Ìyá sì fi èékánná tọ àpá náà lórí ọ̀kan, wọ́n tọ̀ ọ́ lórí èkejì.

“Ẹnu àtẹ̀gùn ló ti ṣubú nígbà tó ń kọ́ ìrìn,” wọ́n ní, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Kí lo ń fi ojú ọmọ mi ṣe báyìí?”

Mo ṣàlàyé pé ìdánwò ni, pé mò ń wá ìwọ̀n iná. Wọ́n gbọ́ mi tán.

“Kí ni bàbá rẹ̀ ní kí o kọ sí i?”

Mo wolẹ̀.

“Sùn un re,” wọ́n dá ara wọn lóhùn. “Ohun tí wọ́n máa ń kọ náà nìyẹn.”

Ìgbà náà ni wọ́n tó jókòó. Wọ́n tẹ fóònù wọn, wọ́n gbé e sáàárín àwa méjèèjì. Ohùn tí ọmọkùnrin náà fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn jáde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbọ̀ọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Mummy, no fear. I dey. Network no good for here. Greet Daddy for me.” Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri: “Mọ́mì, ó dàbọ̀.”

“O gbọ́?” ni Ìyá wí. “Láti kékeré ni mo ti ń bá a sọ Yorùbá, Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ yẹn ló fúnra rẹ̀ sọ Yorùbá sí mi. Ó sì ní ó dàbọ̀. Kò ní ó dìgbóṣe. Ẹni tó ní ó dàbọ̀, ṣebí ó lóun ń padà bọ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹni tó pe bàbá rẹ̀ yẹn, kò sí nínú ọkọ̀ náà. Mo bi í léèrè fúnra mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun ni. Ẹni tó gbọ́ kọ́ ni ẹni tó rí.”

Mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe. Mo rò pé wọn á ní kí n pa àwòrán náà rẹ́. Àmọ́ wọ́n ní kí n ṣe ojú ọmọ náà, kí n má kọ ohunkóhun sí i, àwọn yóò bá ọkọ àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mú àgékù náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi gèlè dúdú tí wọ́n tú lórí sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń wo àwọn ojú náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn, tí iná rẹ̀ kéré, ni èmi ìbá jù nù.

“Kò hàn dáadáa, mà. Tí kò bá sí nǹkan dúdú lẹ́yìn rẹ̀, àlejò ò ní rí i.”

“Èmi rí i. Àwọn tó mọ́lẹ̀ wọ̀nyí, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n. Ọmọ tèmi dúdú.”

Mo fi ìwọ̀n náà sí i. Mo fi iná kún un díẹ̀ ṣá, kí ojú náà má bàa parẹ́ ní ibi ìrùngbọ̀n, mo sì sọ fún wọn pé mo fi kún un. Mo gbé akirílíìkì tuntun wọ inú ẹ̀rọ. Ìyá dúró tì mí, wọ́n ń wò ó láti ojú dígí ìdérí. Ẹ̀rọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Iwájú orí ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà irun òkè ojú pẹ̀lú àpá rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì. Òórùn ike jíjó gba ṣọ́ọ̀bù, Ìyá ń wúkọ́, wọn kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé imú, mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ.

Fáànù dúró, ẹ̀rọ dúró. Mo bú NẸ́PÀ, mo ṣí ìdérí. Mo fẹ́ sọ fún Ìyá pé kí wọ́n má bínú, pé tí iná bá já lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, àfi kí a mú ike mìíràn, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́, wọ́n ti gbé e jáde. Ojú ọmọ wọn pé títí dé imú. Lábẹ́ ibẹ̀, ike lásán ni.

“Kò lẹ́nu,” wọ́n ní. “Ẹ wò ó, kò lẹ́nu. Kò lè pè mí.”

Wọ́n sì bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ dìde, ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó di Ìyá mú, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Ẹ̀dó, èyí tí n kò gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó dájú pé ìpẹ̀ ni. Mo pe Bàbá. Mo ní, “Dádì, ẹ máa bọ̀, Mọ́mì wà lọ́dọ̀ mi.”

Wọ́n sáré wá pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún náà, bí ẹni tó ń bẹ̀rù láti wọlé. Ìyá gbójú sókè.

“Mo sunkún o,” ni Ìyá wí. “Ẹkún nìkan ni. Mi ò gbà pé ó kú.”

“Mo gbọ́.”

“Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i, màá fọ́ ọ mọ́lẹ̀.”

“Ṣé o rò pé mo fẹ́ kó kú ni?” Ohùn Bàbá ga lójijì. “Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀! Èmi ni mo sìn ín dé páàkì lọ́jọ́ tó ń lọ! Bí mo bá ti dijú báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí bó ṣe ń wọ mọ́tò. O fẹ́ kí n máa gbé ìyẹn kiri títí dìgbà wo?”

Ìyá dákẹ́ ẹkún. “Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò mọ ìgbà tó jáde nílé.”

Bàbá nu ọ̀rá ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà wo ojú àwọn méjèèjì, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ó rọra jáde. Èmi kò ríbi jáde sí. Mo lọ sẹ́yìn, mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo gbé ike mìíràn wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹ̀rọ, ọ̀kan lápá òsì, títí ẹ̀rín díẹ̀ yẹn fi yọ ní ẹnu ọmọ wọn. Nígbà tó parí, Bàbá wo àyè tó ṣófo lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n sọ fún mi.

Bàbá ló gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ kan náà kọ́ ni wọ́n wọ̀. Ìyá ti kọjá sí òdìkejì títì kí ọkọ wọn tó jáde, wọ́n gba ọ̀nà ọjà padà.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, wọn kò jókòó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń rí Ìyá láàárín àwọn obìnrin, Bàbá lẹ́yìn pátápátá, ọkàn mi á sì gbọgbẹ́. Mo ń bi ara mi bóyá ǹ bá ti kọ̀ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń bi ara mi bóyá ó sàn kí òtítọ́ páàkì yẹn jáde tàbí kó kú sínú Bàbá. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé ọmọbìnrin wọn bá mi lẹ́yìn ìsìn kan, ó ní, “Aunty, Mummy don stop the food.” N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n kẹ́dùn, mo kàn dì í mọ́ra.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo lọ kí wọn nílé. Àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá bu omi fún ọkọ wọn kí wọ́n tó béèrè. Akirílíìkì náà wà lórí ògiri, wọ́n ti fi aṣọ dúdú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí i pé ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti etí wọ inú, bí ilẹ̀ tí omi gbẹ lórí rẹ̀.

Bàbá rí ibi tí mò ń wò. “Èmi ni. Eruku ọyẹ́ bò ó, mo fi sípíríìtì nù ún.”

“Sípíríìtì ń là á, sà. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ máa lò, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀.” Mo ní mo ṣì ní ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, pé màá ṣe òmíràn fún wọn, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá wo Bàbá. Bàbá mi orí.

“Má tíì ṣe é,” ni Bàbá wí. “Ó di ìgbà tí a bá gbúròó rẹ̀.”

Ìyá dìde, wọ́n lọ sí ìdáná, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin wọn pé kó wá gbé oúnjẹ àlejò.